Ojú Ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́ Orí: Bí Mo Ṣe Yege Ìdánwò Alùpùpù

  Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo gbé wá ní ìrọ̀lẹ́ yìí, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ọ̀kadà. N kò fẹ́ sọ nípa bí a ṣe ń gùn ún nìkan. Mo fẹ́ sọ nípa bí a ṣe ń gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, nítorí pé ojú mi rí nǹkan nínú ọ̀rọ̀ náà, ojú sì tì mí kí ó tó dára.

Ní ọdún tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó jìnnà tó kìlómítà 18 sí ilé mi ni mo ra alùpùpù àlòkù kan. Kò sí ọkọ̀ èrò tí ó ń lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀, àfi ní ọjọ́ ọjà. Àbúrò mi ni ó kọ́ mi ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo ti lè yí i po láì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n gùn. Mo gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, mo lẹ lẹ́tà L pupa mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn, mo sì fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò.

Ní ẹnu ọ̀nà ibi ìdánwò ni ọkùnrin alágbàtà kan ti fà mí lápá. Ó ní, "Tíṣà, kí ni ẹ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ mú owó díẹ̀ wá, kí ẹ máa lọ sí ilé. Ìwé yóò bá yín nílé." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "O ṣeun. Olùkọ́ ni mí, ìdánwò kì í bà mí lẹ́rù." Ẹ̀yin náà rí i pé ìgbéraga wà nínú ìdáhùn náà.

Àwa mẹ́fà ni a ṣe ìdánwò ní ọjọ́ náà. Ọ̀gá tí ó ń dán wa wò kéré sí mi lọ́jọ́ orí púpọ̀. Ó tó ẹni tí mo lè ti kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó to agolo sí ilẹ̀, ó ní kí a máa wọ́ gba àárín wọn bí ejò. Mo ṣe èyí dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí a bọ́ sí títì márosẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a lọ títí dé oríta kan, kí a yà sí ọwọ́ òsì, kí a sì padà. Òun yóò máa bọ̀ lẹ́yìn nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, pápá ọ̀tọ̀, márosẹ̀ ọ̀tọ̀. Bí tírélà bá ń ré kọjá lára ẹni tí ó wà lórí alùpùpù, atẹ́gùn rẹ̀ a kọ́kọ́ tì í sí ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò tún fà á mọ́ra. Etí títì kún fún iyanrìn, bẹ́ẹ̀ ni kòtò kò sì ní iná orí. Mo di ọwọ́ alùpùpù mú gírígírí bí ẹni tí ó di okùn mú nínú kànga, mo sì dé oríta náà.

Ní orílẹ̀-èdè wa, yíyà sí òsì ni ó léwu jù, nítorí pé láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti fi apá òsì títì sílẹ̀ tí a ń rin apá ọ̀tún. Ẹni tí ó bá fẹ́ yà sí òsì gbọ́dọ̀ la ojú ọ̀nà àwọn tí ń bọ̀ níwájú kọjá, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn a sì máa fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ yọ sí iwájú. Mo tan tíráfíkétọ̀. Mo wo jígí. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Mo yà. Họ́ọ̀nù kan ké ní etí mi bí ẹni pé wọ́n fi fọn ín. Bọ́ọ̀sì elérò kan ré kọjá. Àyè tí ó wà láàárín àwa méjèèjì kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Ọ̀gá náà sọ̀kalẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kò yege. Ẹ wo jígí, ẹ kò wo ẹ̀yìn." Inú bí mi. Mo ní jígí kò fi ohunkóhun hàn mí. Ó ní kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí n jókòó sórí alùpùpù kí n máa wo jígí òsì. Ó wá pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ó ní kí ó máa rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn mi wá sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo rí ọmọ náà, mo rí i, mo rí i; lójijì n kò rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Ibi tí jígí kò rí ni ó wọ̀. Nígbà tí mo yí orí, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ èjìká mi gan-an.

Ohun tí ó dun mí jù ni pé ní ìdájí ọjọ́ náà, ọmọbìnrin mi ti jókòó sí ẹ̀yìn mi lórí alùpùpù yẹn kan náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ ìbàdí mi, bẹ́ẹ̀ ni òfin kò gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti gbé èrò.

Bí mo ti ń jáde, alágbàtà tún dé. "Ṣé mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀?" N kò ní purọ́ fún yín, mo ki ọwọ́ bọ àpò. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó jẹ́ kí n sùn lé e lórí.

Ní ọjọ́ kejì, bí mo ti wọ kíláàsì, ọmọ kékeré kan nà ọwọ́ sókè, ó ní, "Sà, ṣé ẹ yege?" Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ọmọ yìí ni mo máa ń bá wí nígbà tí wọ́n bá jí ìwé ẹlòmíràn wò nígbà ìdánwò. Bí mo bá ra ìwé àṣẹ, kí ni mo jí wò bí kò ṣe ìdánwò? Mo ní, "Rárá, mo fìdí rẹmi. N óò tún un ṣe." Ọmọ náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Láti ìgbà náà, ẹnu mi kò gbà á mọ́ láti bá alágbàtà dúnàádúrà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn ni mo fi kọ́ ohun tí n kò kọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún yín.

Èkíní, bíréèkì méjì ni alùpùpù ní, méjèèjì ni a sì ń lò. Àwọn kan a máa sọ pé kí a má fọwọ́ kan ti iwájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ dúró, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ àti ti ẹni tí ń gùn ún a rọ́ lọ sí iwájú, nítorí náà táyà iwájú ni ó di ilẹ̀ mú jù. Kí a rọra fún un pọ̀, kí a má fà á lójijì, kí ọwọ́ alùpùpù sì gún régé. Lórí iyanrìn àti ní kọ́nà, kí a ti dín eré kù kí a tó dé ibẹ̀.

Èkejì, ẹni tí ó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń lọ ní bí mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ọpọlọ rẹ̀ tó sọ fún ọwọ́ rẹ̀ pé "dúró," ó ti lọ tó gígùn ilé kan. Nítorí náà, bí ọkọ̀ iwájú bá kọjá lára igi kan, kí o rọra sọ pé, "Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí." Bí o bá dé ibi igi náà kí o tó sọ ọ́ tán, o ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí òjò bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni títì ń yọ̀ jù, nítorí pé epo àti eruku ti pò pọ̀ lórí ọ̀dà.

Ẹ̀kẹta ni àṣíborí. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan gbé igbá àti agolo ọ̀dà borí. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n igbá tí ó fọ́ ní ọwọ́ ọmọdé kò lè gba orí àgbà là. Bí a kò bá sì de okùn àṣíborí tòótọ́ mọ́ àgbọ̀n, kò sàn ju igbá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìjọba kàn fẹ́ ni wá lára ni. Ìbànújẹ́ ni ó bí òfin wọ̀nyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, nígbà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ni ó wà nídìí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, nítorí ẹ̀mí tí ń ṣòfò ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun náà ni alága àkọ́kọ́.

Ọjọ́ ìdánwò kejì pé. Ọ̀gá kan náà, ọ̀nà kan náà, oríta kan náà. Mo dín eré kù. Mo tan tíráfíkétọ̀. Mo wo jígí. Kò sí ohunkóhun. Mo wá yí orí wo ẹ̀gbẹ́ èjìká mi: alùpùpù kan tí ó gbé èrò mẹ́ta ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́! Mo jẹ́ kí ó kọjá, mo tún wò, mo sì yà. Nígbà tí a padà dé, ọ̀gá náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ lọ ya fọ́tò." Bí mo ṣe yege nìyẹn.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ra ìwé àṣẹ láì ṣe ìdánwò, n kò pè yín lẹ́jọ́. Ẹ kàn rántí pé ìwé lè purọ́ fún ọlọ́pàá, kò lè purọ́ fún tírélà. Ẹ wá ẹni tí yóò dán yín wò, kò pẹ́ jù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín ní iṣẹ́ kan. Bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ní alùpùpù, ẹ ní kí ó jókòó sórí rẹ̀ nínú ọgbà, kí ẹ́ńjìnnì kú, kí ó máa wo jígí. Kí ẹ rìn wá láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì bi í pé, "Ṣé ẹ ń rí mi?" Ìbéèrè ọmọdé ni ó gbà mí lọ́wọ́ alágbàtà, ó lè gba bàbá tiyín náà lọ́wọ́ ewu.

Ó dàbọ̀ o. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa ní àlọ àti àbọ̀, kí àwa náà sì máa yí orí wo ẹ̀yìn.