Ta Ni Ó San Owó Ilé-Ìwé Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe èyí tó dùn ún sọ, nítorí pé bí ó ti kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó kan àwa tí a ń sọ ọ́.

Gbogbo wa ni a fẹ́ràn ìtàn ọmọ tálákà tó kàwé tó sì di ènìyàn pàtàkì. Bí a bá ń ṣe ìdúpẹ́ nínú ìjọ, ẹni tí à ń yẹ́ sí yóò dìde, yóò sọ bí òun ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ilé-ìwé, bí òun ti mu gààrí láìsí ṣúgà, bí òun ti jókòó ti àtùpà títí ilẹ̀ fi mọ́. Àtẹ́wọ́ yóò sì dún. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti ṣàkíyèsí pé ènìyàn kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà nínú ìtàn náà. Ta ni ó ra epo sínú àtùpà? Ta ni ó kiri ọjà kí gààrí ọ̀hún tó wọlé?

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1909. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀, ó sì ń la pákó pẹ̀lú. Ní ọdún 1920, ikú mú baba lọ, ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá. Láti ìgbà náà ni ilé-ìwé ti di ohun tí ó ń fi òógùn wá. Ó bọ́ sí Abẹ́òkúta, ó gbé lọ́dọ̀ ẹni yìí, ó gbé lọ́dọ̀ ẹni tọ̀hún, ó ń pọn omi, ó ń ṣẹ́ igi, kí ó lè rí owó ilé-ìwé san. Ní 1927 ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wesley ní Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó kọ ìròyìn, ó ṣòwò, ó sì jẹ gbèsè. Ó di ọdún 1944 kí ó tó gba oyè Yunifásítì London nínú ìmọ̀ ìṣòwò, láti ilé níbí ni ó sì ti kà á. Lọ́dún kan náà ó lọ sí London láti kọ́ òfin, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1946. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni nígbà náà, ó sì ti ní ìyàwó àti ọmọ. Ìyáàfin Hannah Ìdòwú Dídéolú, tí ó gbé níyàwó ní 1937, ni ó ń ṣòwò tí ó sì dúró ti àwọn ọmọ nílé ní gbogbo àkókò tí ọkọ wà lókè òkun.

Nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀, kò gbàgbé igi tí ó ṣẹ́. Ní 1952 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó ṣe aṣáájú fún gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀. Wọ́n fi owó mìíràn lé owó orí àwọn ará ìlú, inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fìdí rẹmi ní ẹkùn tirẹ̀ gan-an nínú ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣí. Àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tó 500,000 ní ọdún tó ṣáájú. Lọ́dún 1955 wọ́n lé ní 800,000. Owó orí yìí àti èrè kòkó tí ìjọba ń dá dúró wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ìyẹn ni pé àgbẹ̀ tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ ni ó sanwó kí ọmọ ọlọ́mọ lè mọ̀wé. Púpọ̀ nínú wa ni èso ètò náà, tàbí ọmọ àwọn tó jẹ èso rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni ó jẹ́ ọ̀fẹ́, oúnjẹ kò jẹ́ ọ̀fẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti wá nìyí.

Arákùnrin kan wá bá wa ní ilé àlùfáà ní Kàdúná níbí. Ó ní kí a sọ ọ̀rọ̀ òun fún yín, bí a kò bá ti dárúkọ òun. Ọmọ Èkìtì ni. Baba wọn kú nígbà tí ó wà ní kíláàsì kejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó fi ọdún méjì péré jù ú lọ, wà ní kíláàsì kẹrin. Ìyá wọn wò ó pé òun nìkan kò lè bọ́ ọmọ mẹ́rin. Ọ̀dọ̀ obìnrin ni ọ̀rọ̀ bọ́ sí, bí ó ti sábà máa ń rí. Ọmọ náà kúrò ní ilé-ìwé, ó gbé igbá ẹ̀kọ, ó sì ń pọn omi fún àwọn bíríkìlà ní ọjọ́ tí ọjà kò bá tà. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọ ilé-ìwé girama ní 1976, owó ni wọ́n ń san. Ìgbà tó di 1979 tí ìjọba tuntun dé ni girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ti jáde wá. A ń sọ ti orí gidi, èyí tí ó fi ru omi.

Ọmọkùnrin náà dé yunifásítì, ó di ọ̀gá níbi iṣẹ́. A kò fẹ́ fi í ṣe ènìyàn burúkú: ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé nígbà gbogbo. Ní ọdún kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí wọn. Àwọn àlejò dé ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n rí ìyá àgbà kan tó ń fọ abọ́, wọ́n sì béèrè ẹni tí í ṣe. Ìyàwó dáhùn pé ẹni tó ń bá àwọn mójú tó àwọn ọmọ ni. Ọkọ wà níjókòó. Ó gbọ́. Ó ń jẹ ẹran lọ. Ẹ̀gbọ́n náà gbọ́ pẹ̀lú, kò sì dá abọ́ fífọ̀ dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ní òun ń padà sílé, pé oko ń pe òun.

Arákùnrin náà sọ fún wa pé òun kò lè sùn, bẹ́ẹ̀ ni oṣù karùn-ún nìyẹn. Ó béèrè bóyá kí òun fi kún owó tí òun ń fi ránṣẹ́. A ní rárá.

Nínú ìwé Máàkù, orí keje, Olúwa wa bá àwọn kan wí tí wọ́n ń ya ohun tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú baba àti ìyá wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, tí wọ́n sì rò pé àwọn ti bọ́. Àwa àlùfáà kì í fẹ́ ka ibẹ̀ ní àsìkò ìkórè, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú. Àwa náà ni a ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó fi owó ńlá sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, a kì í béèrè bí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń jò. Ṣùgbọ́n a rí ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ náà: a lè fi owó ya ara wa sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí a ń fún. Ẹni tí a ń fún ní nǹkan tí a kò lè pe orúkọ rẹ̀ níwájú àlejò, kí ni a fún un?

A mọ̀ pé àwọn ẹbí kan wà tí wọ́n sọ ọ̀mọ̀wé di kànga tí kì í gbẹ. Fóònù wọn kì í dún bí kò ṣe fún owó. A kò ní kí ẹ kó oúnjẹ ọmọ yín fún wọn, kí tọkọtaya sì jọ sọ̀rọ̀ kí owó tó kúrò nílé. Jósẹ́fù bọ́ àwọn arákùnrin rẹ̀ nígbà ìyàn, ṣùgbọ́n ó wá ilẹ̀ Góṣénì fún wọn pẹ̀lú, kí wọ́n lè máa da ẹran wọn. Kò sì fi wọ́n pamọ́: ó mú márùn-ún nínú wọn lọ síwájú Fáráò, bẹ́ẹ̀ ìríra sì ni darandaran lójú àwọn ará Íjíbítì.

Arákùnrin náà lọ sílé ní àsìkò Àjíǹde, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ìyàwó kúnlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ẹ̀gbọ́n òun. Obìnrin náà kò dá sí ọ̀rọ̀ àlejò ọjọ́ náà rárá. Ó ní, “Àbúrò mi, mo ní ohun tí mò ń tà. Ìwé orin ni mo ti ń dì mú ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà yìí wá, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti parẹ́ mọ́ mi lójú. Wá ẹni tí yóò kọ́ mi.” Wọ́n bá a rí tíṣà àfẹ̀yìntì kan ní àdúgbò, tí ó ń kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́.

Ní oṣù tó kọjá, ìyàwó ni ó mú lẹ́tà kan wá hàn wá. Bébà ìwé ọmọ iléèwé ni, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi bí èso àgbálùmọ̀. “Àbúrò mi, èmi ni mo kọ èyí. Òjò ti rọ̀. Iṣu ta. Kí ìyàwó rẹ.” Ó ti gé orúkọ ìyàwó náà kúrú nísàlẹ̀, nítorí pé bébà tán. Ìyàwó ní àwọn kò tíì fèsì, nítorí ọkọ òun ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì ń fà á ya.