Ta Ni Yóò Jíhìn fún Ta? Olùkọ́, Òbí àti Ìjọba ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogbogbò Èkìtì



Ní ọdún 2012, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì pe àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kí wọ́n wá jókòó ṣe ìdánwò. Àwọn olùkọ́ kọ̀, wọn ò yọjú. Gómìnà ìgbà náà, Dókítà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ní àyẹ̀wò lásán ni, kí ìjọba lè mọ ibi tó kù sí fún tíṣà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dí i. Ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, kò gbà. Lójú tiwọn, ọgbọ́n àtilé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà lọ́ mọ́ ti owó oṣù àti ajẹmọ́nú, àárín ìjọba àti olùkọ́ sì dàrú.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2014 ni wọ́n dìbò gómìnà. Ayọ̀délé Fáyòṣé ní ìbò 203,090, Fáyẹmí ní 120,433. Nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún tó wà ní Èkìtì, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí gómìnà tó wà lórí àga ti mókè. Ohun tó fa ìyẹn pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ ìtàn ìbò náà ní Adó títí dòní kì í sọ ọ́ tán kó má dárúkọ tíṣà. Láti ìgbà náà ni àwọn olóṣèlú ti ń rọra tẹ̀ bí wọ́n bá dé ẹ̀bá ọ̀rọ̀ ìdánwò olùkọ́.

Ohun kan ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi hàn. Ìbéèrè tí ìjọba gbé ka iwájú olùkọ́ ní 2012 tọ́, nítorí ẹni tó ń kọ́ni ní ìṣirò gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò. Àmọ́ ẹni tó ń bi í kò tíì jíhìn iṣẹ́ tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ètò náà ti fẹsẹ̀ kọ, ibẹ̀ náà sì ni èyí tó bá tún tẹ̀lé e yóò ti fẹsẹ̀ kọ bí nǹkan kò bá yí padà.

Kí ìṣàkóso ilé-ẹ̀kọ́ tó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba pátápátá, ìjíhìn kò nílò àjọ kankan ní ilẹ̀ yìí. Àlùfáà Henry Dallimore dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1933, L. D. Mason jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ láti 1948 títí di 1966. Ìjọ ló ni irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, òbí ló ń san owó. Àgbẹ̀ tó ta kòkó ní Ìjerò tàbí ní Ìlawẹ̀ kó tó rówó ilé-ẹ̀kọ́ san mọ iye tó ná òun. Bí ọmọ bá dé ní ìsinmi tí kò lè ka lẹ́tà fún bàbá rẹ̀, bàbá mọ ẹni tí òun yóò bá wí. Àbùkù ètò náà ni pé ọmọ ẹni tí kò ní kòkó kì í débẹ̀ rárá.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló mú àbùkù yẹn kúrò ní oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. S. O. Awókọ̀yà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Láàárín ọdún kan péré, iye ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbéra láti 456,600 dé 811,432. Olùkọ́ tó gboyè kò tó, wọ́n sì ní láti kó àwọn tí kò tíì kọ́ṣẹ́ olùkọ́ wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Owó orí ni ìjọba fi ń sanwó báyìí, owó náà kò sì ti ọwọ́ òbí bọ́ sọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Okùn tó so àgbẹ̀ Ìjerò mọ́ olùkọ́ ọmọ rẹ̀ gba ọ́fíìsì kan kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ. Lónìí, ọ́fíìsì náà ti di mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé páànù kan lọ. Ìjì òjò oṣù Kẹrin ṣí òrùlé kíláàsì méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Hẹ́dímásítà kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ọ́fíìsì ní kó lọ bá SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Adó. SUBEB ní owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ láti UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ní Àbújá. Òfin UBE ti ọdún 2004 sì sọ pé ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìlàjì tirẹ̀ wá kí UBEC tó fi ìlàjì yòókù sílẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ kò bá tíì mú tirẹ̀ wá, owó wà ní Àbújá, òjò wà nínú kíláàsì. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ń jókòó sínú yàrá kan, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, olùkọ́ méjì ń pariwo lé ara wọn lórí, pátákó ìkọ̀wé kan wà ní ìhà ìlà-oòrùn, èkejì ní ìwọ̀-oòrùn. Nígbẹ̀yìn, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dá owó, wọ́n ra páànù. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú gbogbo àwọn tí hẹ́dímásítà kọ̀wé sí. Oníkálukú ló ní ibi tó lè nàka sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó oṣù. Ìwé òfin ilẹ̀ wa fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ìpínlẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Ní 1991, ìjọba ológun ti gbogbo ẹrù náà sọ́rùn ìjọba ìbílẹ̀. Gbèsè owó oṣù àti ìyanṣẹ́lódì gbòde, ó sì di 1993 kí wọ́n tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó o padà. Ìdí nìyí tí ara àwọn olùkọ́ kò fi balẹ̀ nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fúnra wọn tààrà. Ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ ń bi ni pé, ta ni yóò máa san tiwa?

Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti gbìyànjú láti fipá bi olùkọ́. Ní 2013, ní Ẹdó, Gómìnà Adams Oshiomhole ní kí olùkọ́ obìnrin kan ka ìwé ìbúra tirẹ̀ sókè níwájú àwọn oníròyìn. Kò rí i kà, gbogbo Nàìjíríà sì wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní Kàdúná ní 2017, Gómìnà Nasir El-Rufai fi ìdánwò ọmọ kíláàsì kẹrin dán olùkọ́ bí 33,000 wò, ìjọba sì kéde pé 21,780 kò yege. Ó lé wọn, ó gba ẹlòmíràn. Àwọn tó gbóríyìn fún un ní òótọ́ wà níwájú wọn, torí ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ kò gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kì í rí ẹni kọ́ ọ. Àmọ́ ọwọ́ ta ni àwọn 21,780 yìí ti gba ìwé ìgbanisíṣẹ́? Ta ló buwọ́ lù ú? Kò sí ìdánwò tí wọ́n ṣe fún ìyẹn. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ní Kàdúná, adìẹ nìkan ni wọ́n bá wí.

Èkìtì gba ọ̀nà kejì lábẹ́ Fáyòṣé. Kò sí ẹni tó pe tíṣà sí ìdánwò. Èsì ìdánwò ọmọ ni ìjọba ń gbé jó. Nígbà tí èsì NECO, ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà, ti 2016 jáde, wọ́n kéde pé Èkìtì ló gba ipò kìíní, ariwo ayọ̀ sì sọ. Láàárín àkókò kan náà, ìjọba jẹ olùkọ́ ní owó oṣù, òbí sì ń san owó tí wọ́n bù lé orí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Nígbà tí Fáyẹmí padà gorí oyè ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ó fagi lé owó náà.

Ipò kìíní dára, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ó jẹ́ ìjíhìn. Ọmọ tó dé ibi ìdánwò àṣejáde nìkan ni ó ń kà. Ọmọ tó ti kúrò ní kíláàsì kẹta ní Èrìjìyàn tàbí ní Ìpólé-Ìlórò láìmọ̀wé kà kò sí nínú rẹ̀.

Fífi èsì ìdánwò díwọ̀n owó àti iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe ohun tuntun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1862, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 sì gbé e dé Èkó, nígbà tí àwọn Èkìtì ṣì wà lójú ogun Kírìjì. Àwọn olùkọ́ kọ́ ọmọ láti há ìwé sórí de ọjọ́ tí ẹni tí ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò bá dé, Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sì pa á tì kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Amẹ́ríkà tún gbé e dìde pẹ̀lú òfin tí Ààrẹ George W. Bush buwọ́ lù ní 2002. Ní Atlanta, ìwádìí kan tó jáde ní 2011 bá olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ 178 nínú ẹjọ́ màgòmágó ní ilé-ẹ̀kọ́ 44. Wọ́n ń pa ìdáhùn tí ọmọ ṣì rẹ́, wọ́n ń fi èyí tó tọ́ dípò. Ní 2015, ilé-ẹjọ́ dá mọ́kànlá lẹ́bi. Ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé fún olùkọ́ ní ẹ̀bùn bí èsì ọmọ bá gòkè. Èsì gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n wíwá olùkọ́ sí iṣẹ́ kò sàn sí i, èrè náà kò sì pẹ́ lára àwọn ọmọ lẹ́yìn tí ètò náà parí.

Ibi tí Èkìtì ti lè kọ́ ọgbọ́n jù lọ ni Ùgáńdà. Láàárín 1991 sí 1995, ìwádìí fi hàn pé nínú owó tí ìjọba ibẹ̀ ń yà sọ́tọ̀ fún ìnáwó ilé-ẹ̀kọ́, nǹkan bí náírà mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún, ká sọ pé náírà ni, ló ń dé ilé-ẹ̀kọ́. Ìjọba wá ń tẹ iye tí agbègbè kọ̀ọ̀kan gbà sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ lẹ tirẹ̀ mọ́ ara ògiri. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí èyí tó ń dé ilé-ẹ̀kọ́ fi kọjá ọgọ́rin. Àwọn onímọ̀ kan ní àtúnṣe mìíràn tí ìjọba ṣe nígbà kan náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, wọn kò sì jayò pa. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ní ìwé ara ògiri náà pa ẹnikẹ́ni lára.

Àtòtẹ̀lé ni ọ̀rọ̀ tó kù. Ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ni kó kọ́kọ́ jíhìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, kí ilé-ẹ̀kọ́ gbogbogbò kọ̀ọ̀kan ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bí Adó, Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò lẹ bébà kan mọ́ ara ògiri: iye owó tó wọlé àti ibi tó ti wá, iye olùkọ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé owó oṣù, iye àwọn tó ń wá síṣẹ́ níbẹ̀ gan-an. Àwọn ìlú kéékèèké ni ìlà kẹta yẹn yóò kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ tíṣà tí wọ́n fi orúkọ wọn síbẹ̀ ló ń wá ọ̀nà àtipadà sí Adó.

Lẹ́yìn ìyẹn, òbí. Ní Íńdíà, láti 2005, àwọn ará ìlú tí kì í ṣe olùkọ́ ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń fi ìwé kékeré kan síwájú ọmọ pé kó kà á. Èyí kò kọjá agbára ẹgbẹ́ òbí ní Ìgèdè tàbí ní Àrámọ̀kọ. Ọmọ kan lè da gbogbo ohun tó wà lójú pátákó kọ láìṣi lẹ́tà kan, kí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì gún. Ẹ ní kó ka ìlà àkọ́kọ́, yóò gbójú sókè wo àjà. Ìlà márùn-ún ní èdè Yorùbá ti tó láti mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn méjèèjì ni kí wọ́n tó pe olùkọ́ sí ìdánwò. Kí èsì rẹ̀ wà láàárín òun àti ẹni tí yóò kọ́ ọ, kí yunifásítì ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ gba ẹni tó bá kù díẹ̀ káàtó, kí ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kò bá sì sún síwájú lẹ́yìn ìyẹn, kó fi kíláàsì sílẹ̀. Ẹgbẹ́ NUT, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kútì kọ́kọ́ darí nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1931, lè jókòó pẹ̀lú ìjọba lórí ìwé àdéhùn irú ètò bẹ́ẹ̀ kó sì buwọ́ lù ú.

Bébà ara ògiri náà yóò ní ìbuwọ́lù méjì, ti hẹ́dímásítà àti ti alága ẹgbẹ́ òbí. Kí ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Adó kí wọ́n tó jókòó sórí ètò ìsúnná ọdún tó ń bọ̀, kí aṣojú agbègbè kọ̀ọ̀kan sì ṣàlàyé lójú gbogbo ènìyàn ìdí tí iye tó wà nínú ìwé ìsúnná àti iye tó wà lára ògiri kò fi bára mu.