Ìsinmi Kì Í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ti mọ̀wé kà, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin ará wa ní ìhà Togo, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó ráyè ṣí ìwé yìí. Òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni. Òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù ọjà kalẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò le. Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni.

Ọmọ kékeré ni mo jẹ́ níwájú ọ̀pọ̀ nínú yín. Èmi kọ́ ni mo máa kọ́ àgbà ní iṣẹ́ ṣíṣe, torí àgbà ló kọ́ wa ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí kan náà ló sọ pé, tótó ó ṣe bí òwe o, àgbò tó fẹ̀yìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ ti rí àgbò tó fẹ́ kàn rí. Kì í dúró lójú kan. Ó máa ń fi ẹ̀yìn rìn ná. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ń sá ni. Kò sá o. Agbára ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìsinmi rí.

KÍ LÓ Ń ṢE ARA WA?

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan. Mi ò dárúkọ rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Aago mẹ́rin ìdájí ló ti jí. Ó pọnmi, ó gbálẹ̀, ó dáná, ó wẹ ọmọ. Ó bó ẹ̀gẹ́, ó rin ín, ó ń yan gàrí nínú èéfín títí ọjọ́ fi rọ̀. Ó tún se oúnjẹ alẹ́. Nígbà tí gbogbo ilé bá sùn, ojú tirẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Ó ń ronú: owó èsúsú ọ̀la ńkọ́? Owó ilé ìwé ọmọ ńkọ́? Ó dùbúlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sinmi.

Ẹ tún wo àgbẹ̀ kan. Ó ti ro oko sílẹ̀, ó ń retí òjò àkọ́rọ̀. Oṣù kẹta tán, òjò kò dé. Ojoojúmọ́ ló ń wo ojú ọ̀run. Ọrùn ń ro ó, orí ń fọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kékeré á bí i nínú. Á jágbe mọ́ ọmọ, á jágbe mọ́ ìyàwó. Ó rò pé ibà ni. Ó lo oògùn ibà, orí fífọ́ kò lọ.

Kí ló fà á? Ẹ wò ó. Bí ẹ bá pàdé ejò lọ́nà oko, kí ẹ tó ronú rárá, ọkàn yín á ti máa lù kìkì. Èémí á máa yára. Iṣan ara á le. Ẹ̀jẹ̀ á máa fi agbára ṣàn. Ara ń múra kí ẹ lè sá tàbí kí ẹ lè jà ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ejò bá lọ, tí ẹ sì jókòó, láìpẹ́ ara á tún rọ̀.

Ṣùgbọ́n gbèsè kì í ṣe ejò. Kì í sá wọ igbó lọ. Ìrònú kì í tán lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, bí ara ṣe ń ṣe sí ejò ló ń ṣe sí ìrònú. Ó ń le lọ́sàn-án, ó ń le lóru, kò rí àkókò tó máa fi rọ̀. Ẹ wo ìlù gángan. Onílù á fún un pọ̀, ohùn á lọ sókè. Á dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Bó bá fún un pọ̀ tí kò dẹ̀ ẹ́ mọ́, ìlù náà ò ní lè sọ̀rọ̀ tó máa yéni. Ara wa náà nìyẹn.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ Ọ́N

Ẹni tí ara rẹ̀ kò rọ̀ mọ́ lè rí àwọn àmì wọ̀nyí:
– orí fífọ́, ọrùn ríro, èjìká líle;
– àìrí oorun sùn, tàbí kí ó sùn kí ó sì jí bí ẹni tí kò sùn;
– inú rírun, oúnjẹ tí kì í dà dáadáa;
– ìbínú lórí ohun tí kò tó nǹkan;
– ìgbàgbé, àti kí ọkàn máa já láìnídìí.

Ìrònú tó pẹ́ lára tún máa ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní tàǹsíọ̀n. Kì í ṣe ìrònú nìkan ló ń fà á o. Iyọ̀ àjẹjù, ọtí, sísanra jù, ọjọ́ orí, àti kí ó ti wà nínú ẹbí, gbogbo rẹ̀ ló ń fà á. Àìsàn yìí lè wà lára èèyàn láì ro ó níbì kankan, títí yóò fi di rọpá-rọsẹ̀. Wíwọ̀n nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n dájú. Ẹ sì ti mọ nọ́ńbà kà báyìí! Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé fún yín. Bí ti òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90, tí wọ́n sì bá a bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó fẹ́ ìtọ́jú.

ṢÉ Ọ̀LẸ LẸNI TÓ Ń SINMI?

Ẹnìkan á ní: “Ọmọ yìí, iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣiṣẹ́ láìsinmi títí ó fi dùbúlẹ̀ àìsàn, ṣé kì í ṣe ìṣẹ́ ló ń lọ bá yẹn? Owó gàrí ọdún kan lè bá oògùn oṣù kan lọ.

Àwọn baba ńlá wa kì í ṣe ọ̀lẹ. Síbẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í lọ sóko. Wọ́n ń ta ayò lábẹ́ igi. Wọ́n ń pa àlọ́ fún ọmọ lábẹ́ òṣùpá. Wọn ò ka ìwé ìlera kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ara kì í ṣe òkúta. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1948, náà sọ ọ́ nínú ìwé òfin rẹ̀ pé ìlera kì í ṣe pé kí àìsàn má sí nìkan. Ara gbọ́dọ̀ dá, ọkàn gbọ́dọ̀ balẹ̀, kí àárín àwa àti èèyàn sì gún.

BÍ A ṢE LÈ KỌ́ ARA LÁTI RỌ̀

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ara rírọ̀ ní ẹ̀kọ́. Dókítà kan wà ní Amẹ́ríkà, Edmund Jacobson lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1929 ó tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ìgbà tí iṣan wọn le. Bí ẹ bá ní kí wọ́n dẹra, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa dẹ̀. Nítorí náà ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú iṣan náà le, kí wọ́n tó wá tú u sílẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n á mọ ìyàtọ̀.

Kò gba owó. Kò gba irinṣẹ́. Ẹní kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ẹ ṣe é báyìí lálẹ́, kí ẹ tó sùn:

1. Ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, tàbí kí ẹ jókòó kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ tú ìró tàbí ṣòkòtò tó bá fún yín. Ẹ dijú.

2. Ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn. Ẹ fi imú mí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ ka 1 dé 4 nínú ọkàn yín. Kí ikùn gbé ọwọ́ yín sókè. Ẹ mí síta díẹ̀díẹ̀, kí ẹ ka 1 dé 6. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ mí bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀.

3. Ẹ di ìkúùkù ọwọ́ méjèèjì kí ó le. Ẹ ka 1 dé 5. Ẹ tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ka 1 dé 10, kí ẹ máa kíyè sí bí ọwọ́ ṣe ń rọ̀.

4. Ẹ gbé èjìká sókè bíi pé ẹ fẹ́ fi kan etí. Ẹ ka 1 dé 5. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ sinmi.

5. Ẹ fún ojú pọ̀, kí ẹ di eyín pọ̀ díẹ̀. Ẹ tú u. Ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rọ̀.

6. Ẹ mú ikùn le, ẹ tú u. Ẹ mú itan le, ẹ tú u. Ẹ ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ kò, ẹ tú u.

7. Ẹ wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ìrònú bá wọlé, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn padà sí èémí yín.

Ibi tí egbò tàbí ìrora bá wà, ẹ fo ibẹ̀. Ìyá tó lóyún kò gbọdọ̀ mú ikùn le. Kí ó mí nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi alùpùpù gbé èrò, ẹ̀yin zemijan, ẹ gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ẹ tó dijú o. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wà nídìí iná.

Ọjọ́ kìíní lè má dùn. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ mú kálámù. Ṣebí lẹ́tà yín wọ́, tí ọwọ́ ń gbọ̀n? Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ̀yin lẹ ń ka ìwé yìí. Ẹ ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ara á kọ́ ọ.

OHUN TÍ KÌ Í ṢE ÌSINMI

Àwọn kan ní sódábì ni àwọn fi ń sinmi. Ọtí lè tètè gbé èèyàn sùn, ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ kì í jinlẹ̀. Á jí i lóru, ara á wúwo láàárọ̀. Àwọn mìíràn ń ra tramadol lójú títì kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó rẹ̀ wọ́n. Oògùn ìrora tó lágbára ni. Ó máa ń di bárakú, ó sì lè pa èèyàn. Ẹni tó ń lo irú rẹ̀ kò sinmi. Ẹnu ara ló dì, kí ara má baà lè sọ pé ó rẹ òun.

Oorun ni olórí ìsinmi. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje, ó kéré tán. Ẹ gbé tẹlifóònù jìnnà sí ẹní.

ỌWỌ́ GBOGBO ILÉ LÓ WÀ

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, níbo ló máa ti rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ẹnikẹ́ni ò bá bá a gba nǹkan kan lọ́wọ́? Ọmọkùnrin lè pọnmi. Bàbá lè gbé ọmọ mọ́ra títí ìyá á fi sinmi tán. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ìyá bá ṣubú, gbogbo ilé ló ṣubú.

Mi ò tàn yín o. Ara rírọ̀ kò san gbèsè. Kò rọ òjò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló lè jókòó ti ẹlẹ́gbẹ́ èsúsú, kí wọ́n jọ wá ọ̀nà. Ẹ má dá ìrònú gbé. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán.

Kò sì dípò oògùn. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Bí àyà bá ń dun yín gan-an, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan bá kú, bí ẹnu bá wọ́, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ìbànújẹ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò lọ, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Bó bá sì jẹ́ pé ikú ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ sọ fún èèyàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sìn yín lọ. Àìsàn ni, kì í ṣe ẹ̀gàn.

Ó ku ọwọ́ yín. Bí ẹ bá pa ìwé yìí dé lálẹ́ òní, ẹ tẹ́ ẹní, ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 1. Iṣẹ́ á dúró dè yín dọ̀la. Ẹ kú ìsinmi o.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Àmì wo nínú èyí tí a kà ni ẹ ti rí lára yín?
2. Nínú ilé yín, ta ni kì í rí àyè sinmi? Iṣẹ́ wo lẹ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀?
3. Nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ yín mélòó ni? Ìgbà wo ni wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn?