Oúnjẹ, Òkun àti Àkókò Ọdún ní Ablogamé

 

Ọ̀rọ̀ òní kò jìnnà sílé. Ó dá lórí Ablogamé, àdúgbò etí òkun ní ìhà ìlà-oòrùn Lomé, tí kò jìnnà sí Bè, tí ó sì súnmọ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ṣí ní 1968.

Ẹni tó bá jí ní Ablogamé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìró ìgbálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Iyanrìn ni àgbàlá ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, àwọn obìnrin a sì gbá a títí ipa ìgbálẹ̀ yóò fi hàn lórí rẹ̀ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Lẹ́yìn náà ni iná yóò ràn. Ẹni tó ń ta ògì gbígbóná ti dé, ẹni tó ń din botokoin ti jókòó ti epo, ìyẹn ohun tí ará Èkó ń pè ní pọfupọ́ọ̀fù. Bí oòrùn bá ti ń yọ, ayimolou ló ń jọba. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ ni: ayi ni ẹ̀wà, molu ni ìrẹsì. Wọ́n á bu ata díndín lé e, wọ́n á wọ́n gàrí sí i, ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a yóò fi ẹyin kún un. Awakọ̀ zémidjan a máa jẹ ẹ́ lórí alùpùpù rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lọ́nà, kí èrò má baà kọjá lọ.

Yorùbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, fùfú ni yóò kọ́kọ́ dà á láàmú. Yóò sọ fún olóúnjẹ pé òun kò fẹ́ fùfú, iyán ni òun ń wá. Ìyá náà yóò wò ó tìyanu-tìyanu, yóò sì gbé fùfú síwájú rẹ̀. Iṣu ni wọ́n gún! Fùfú Lomé ni iyán. Ẹ̀gẹ́ tí ará Nàìjíríà ń pè ní fùfú kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni akpan àti ẹ̀kọ, ògì ló bí àwọn méjèèjì. Adémè tí wọ́n ń fi jẹ akumé àgbàdo ńkọ́? Ewédú ni, ewé kan náà, yíyọ̀ kan náà, àfi pé akàn àti ẹja máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ létí òkun.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wọlé ọmọ Yorùbá, tí àwọn aládùúgbò ń pè ní Anago. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ablogamé yóò béèrè adémè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lédè Mina, yóò sì ka orúkọ oṣù lédè Faransé. Ewédú ti di ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà ń sọ lórí fóònù. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò jẹ oúnjẹ ìran rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, kò kàn dá a mọ̀ ni. Ẹ má dá a lẹ́bi, ta ló sọ fún un?

Ẹnu náà ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó dé. Máńgòrò ló ń ṣáájú òjò. Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, òjò ńlá á rọ̀, omi á gba ojú ọ̀nà, ọmọ iléèwé á sì fi bàtà há abíyá. Àgbàdo tuntun á tẹ̀lé e, sísun tàbí bíbọ̀, pẹ̀lú àgbọn.

Láti oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án, omi tútù inú ibú a máa ru sókè létíkun láti Ghana dé Benin, oúnjẹ ẹja á bá a gòkè, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní abobi á sì pọ̀. Ìgbà yẹn ni kí àlejò lọ wo etí òkun. Ọkọ̀ kékeré á gbé àwọ̀n ńlá lọ sójú omi, àwọn èèyàn á sì máa fi okùn méjì fà á bọ̀, ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́ síbòmíràn. Orin ń lọ, ẹsẹ̀ ń rì sínú iyanrìn. Ẹni tó bá bá wọn fà á kì í lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja yóò bẹ̀rẹ̀, èéfín á sì wọ aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Títí di 2019, inú èbúté ńlá ni ọkọ̀ àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà ni wọ́n ṣí èbúté apẹja tuntun ní Gbétsogbé, tí ìjọba Japan ṣe ìrànwọ́ owó láti kọ́. Ó dára, ó sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ ra ẹja tẹ́lẹ̀ ní láti san owó zémidjan báyìí, kí ó tó ronú kan owó igi ìdáná. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń ná ẹja yíyan fi yẹ kí ó rọra ná an.

Bí òjò bá ń palẹ̀ mọ́, iṣu tuntun á máa ti òkè wá, láti ìhà Bassar. Àkókò yìí náà ni àwọn Guin ń gbé òkúta mímọ́ jáde ní Glidji, nítòsí Aného, nígbà ọdún Epe-Ekpe. Àwọ̀ òkúta náà ni wọ́n fi ń mọ bí ọdún yóò ṣe rí. Ìròyìn àwọ̀ yẹn máa ń dé ọjà Lomé ṣáájú àwọn tó lọ wò ó.

Ọyẹ́ á dé ní oṣù Kejìlá, ètè á là, òrí á sì tà. Iléyá tí Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀, Tabaski ni lẹ́nu ará Lomé. Wọ́n á gbé abọ́ ẹran lọ fún aládùúgbò onígbàgbọ́, abọ́ náà kì í sì í padà lófo nígbà Kérésìmesì.

Ní ọ̀sán òní, lẹ́yìn ijó, àwọn ìyá ẹgbẹ́ yóò gbé ìkòkò kalẹ̀. Ọmọ tó bá na abọ́ sílẹ̀, kí wọ́n bi í pé kí ni orúkọ ọbẹ̀ yìí. Bó bá ní adémè, kí wọ́n bù ú fún un, ó gbà á. Bó bá sọ ewédú mọ́ ọn, kí wọ́n fi ẹja kan lé e.