Àwa Mélòó Ni A Wà ní Nàìjíríà?

Ọ̀rọ̀ tí a bá wá lónìí tóbi díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí ààrò ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ kan ní Addo yìí. Ẹja inú rẹ̀ lè jẹ́ ti ọ̀sà wa níbí, láti ọ̀nà Badore. Tòmátì ńkọ́? Ìhà Kánò àti Kàdúná ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àlùbọ́sà ń bọ̀ láti Ṣókótó. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi iṣu jẹ ẹ́, ó lè jẹ́ iṣu Bẹ́núé. Awakọ̀ tó kó ẹrù wọ̀nyẹn lè ti sun ojú ọ̀nà kí ó tó dé Ajah. Ìkòkò kan péré ni o, Nàìjíríà sì ti wà nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ wa fẹ̀. Kìlómítà 923,768 ni níbùú-lóòró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jọba lé wa lórí lọ́nà mẹ́rin. Òkun tó wà nítòsí wa yìí ni ààlà rẹ̀ ní gúúsù. Bí a bá ń lọ sókè, igbó yóò tán, pápá yóò bẹ̀rẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi máa gbẹ bí ti aṣálẹ̀. Odò Ọya àti odò Bẹ́núé pàdé ní Lọ́kọ́jà.

Nígbà kan, kòkó ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀pà Kánò àti epo pupa ni a ń tà fún òkè òkun. Ní 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri, ní 1958 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ tà. Nígbà tó yá, owó epo ni ìjọba wá gbójú lé jù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítòsí wa níbí, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fọ epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024.

Owó yìí, báwo ni wọ́n ṣe ń pín in? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Inú àpò kan ni wọ́n ń kó o sí, kí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ 36 àti ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó pín in. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé náírà 100 ló kan àwọn ìpínlẹ̀. Wọ́n á pín náírà 40 lọ́gbọọgba. Náírà 30, iye ènìyàn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pín in. Ní ti 30 tó kù, wọ́n ń wo bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, owó tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń pa, àti ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti omi. Iye ènìyàn náà ni wọ́n fi ń pín àyè ní ilé àwọn aṣojú-ṣòfin ní Abuja. Ẹni tí a kò bá kà, ìpín rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kíka ènìyàn kò rọrùn ní ilẹ̀ wa rí. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rù owó-orí wà. Ní 1929, wọ́n lọ ka àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn obìnrin ní owó-orí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn, ni ogun bá bẹ́. Ní 1931 tí ìjọba tún fẹ́ kànìyàn, ara kò tíì rọ̀ wọ́n níbẹ̀. Lókè Ọya, eṣú ló bo oko, àwọn tó yẹ kó máa kani ń bá eṣú jà.

Lẹ́yìn náà, ìjà ìpín ló dé. Wọ́n kànìyàn ní 1962, wọ́n da èsì rẹ̀ nù. Wọ́n tún un kà ní 1963, ó jẹ́ mílíọ̀nù 55.7. Ti 1973, wọ́n fagi lé e. Ní 1991 ó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 89. Ní 2006 ó di 140,431,790. Nínú ti 2006 yìí, wọ́n ní ènìyàn Kánò jẹ́ 9,401,288, ti Èkó sì jẹ́ 9,113,605. Ìjọba Èkó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ènìyàn tí àwọn kà ju mílíọ̀nù 17 lọ! Àwa kò bá wọn kà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró de ọkọ̀ ní Ajah nírọ̀lẹ́ kò ní tètè gbà pé Èkó kéré.

Wọ́n ṣètò òmíràn fún oṣù karùn-ún 2023, wọ́n sì sún un síwájú. Àwọn onímọ̀ ní àjọ àgbáyé ń fojú bù ú pé a ti ju mílíọ̀nù 220 lọ. Ìfojúbù nìyẹn o, kì í ṣe kíkà.

Bí òǹkànìyàn bá wá dé Addo, ẹ má sá fún un. Ní 2006, wọn kò béèrè ẹ̀yà, wọn kò béèrè ẹ̀sìn. Ẹ jókòó tì í, ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ wo orúkọ tó kọ, ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí. Ẹ rántí ayálégbé tó wà lẹ́yìnkùlé, ẹ rántí ọmọ ọ̀dọ̀, àti ìyá arúgbó tí kì í jáde síta. Ọmọ tí a bí lóru àná, tí a kò tíì sọ lórúkọ, ènìyàn kan lòun náà. Ẹ ní kí wọ́n kà á.