ÒKÙNKÙN GẸ́GẸ́ BÍ OHUN ÈLÒ AYÀWÒRÁN ILÉ



Àwọn àgbà ní, 'Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀.' Iṣẹ́ ẹni tí ó ń ya àwòrán ilé ní òru ni láti kọ́ òkùnkùn ní ẹni tí yóò bọ̀wọ̀ fún. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni bí ó ti ń ṣe é, àti ibi tí iṣẹ́ náà ti lè di ẹ̀tàn.

Ní ọ̀sán, oòrùn a máa tan ara ògiri, ojú fèrèsé a sì dúdú bí ihò. Ní òru, ọ̀rọ̀ yí padà: ògiri ṣú, fèrèsé ni ó ń tàn. Raymond Hood mọ èyí dunjú. Nígbà tí ó kọ́ ilé American Radiator sí New York ní 1924, bíríkì dúdú ni ó lò, kí fèrèsé má baà dà bí ihò lára ògiri ní ọ̀sán. Ó fi àwọ̀ wúrà ṣe orí ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́, iná sì ń tàn án ní alẹ́.

Ẹni tí ó ń fi ọ̀dà olómi kun irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀dà kankan tí ó mọ́lẹ̀ ju bébà funfun rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kì í kun ìmọ́lẹ̀. Ó ń fi í sílẹ̀ ni. Òkùnkùn ni ó ń kùn yí i ká, ní ìpele-ìpele. Ẹni tí ó ń lo èédú a máa gba ọ̀nà mìíràn: á fi èédú ra ojú bébà, á wá fi rọ́bà tàbí ọ̀bẹ yọ ìmọ́lẹ̀ jáde. Èédú ni Hugh Ferriss (1889–1962) gbajúmọ̀ fún. Òfin ìkọ́lé New York ti 1916 pàṣẹ pé bí ilé bá ga dé ìwọ̀n kan, kí ó máa sún sẹ́yìn kúrò lójú títì. Ní 1922, Ferriss ya bí irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò ti rí. Èmi gbà pé òótọ́ ni òkùnkùn rẹ̀ ń sọ: ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, ó fi sílẹ̀ sínú òjìji.

Ní 1927, Georgia O'Keeffe kun ilé Hood ní òru. Ó kọ orúkọ Alfred Stieglitz, ọkọ rẹ̀, sínú iná pupa kan nínú àwòrán náà. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ilé ti wà ní ìdúró, ẹni tí ó bá fẹ́ lè lọ wò ó. Àwòrán ilé tí a kò tíì kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni olówó yóò wò kí ó tó náwó.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kun àwòrán ilé ìkàwé kan ní alẹ́. Mo tan iná sí gbogbo fèrèsé, mo da ìmọ́lẹ̀ sórí títì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Àwọn olówó rí i, wọ́n fọwọ́ sí i. Nígbà tí a kọ́ ilé náà tán, èyí tí ó pọ̀ jù nínú fèrèsé iwájú jẹ́ ti yàrá tí a ń kó ìwé pamọ́ sí, tí a kì í tan iná sí ní alẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, 'Ọ̀gá, ibo ni ilé inú àwòrán yẹn wà?' N kò rí èsì fọ̀.

Láti ìgbà náà, kí n tó fi fèrèsé kan sílẹ̀ ní funfun, mo gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí iná tí ó ń tàn án lórí ìwé ètò ilé náà. Bí n kò bá rí i, òkùnkùn ni yóò gba ibẹ̀. Ẹni tí yóò lo ilé ni ẹni ọ̀wọ̀ tí òkùnkùn wa gbọ́dọ̀ mọ̀.