Ìlò «She» fún Obìnrin nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì



Nínú èdè tiwa, «ó» kan náà ni à ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Bí ẹni náà bá jẹ́ àgbà, a ó wí pé «wọ́n». Kò sí àbùkù nínú èyí. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀: «he» ni ti ọkùnrin, «she» ni ti obìnrin, ìbáà ṣe ìyá ọba tàbí ọmọ ọwọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pàápàá ń lo «heo» fún obìnrin. Lẹ́yìn ọdún 1100 ni «she» bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀.

Ẹ má ṣe ka ọ̀rọ̀ yìí sí kékeré. Bí bàbá kan bá ní ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, tí ó sì fẹ́ kí ilé jẹ́ ti ọmọbìnrin, bí akọ̀wé bá kọ «he» sínú ìwé ogún, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó sọnù, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti dé.

Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro. Bí obìnrin ni ó ń ṣe nǹkan, ẹ kọ «she». Bí a bá ṣe nǹkan sí i, ẹ kọ «her». Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwa náà ń wí pé «ó pè mí», ṣùgbọ́n «mo pè é».

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú èdè wa, kí a sì kọ ti ẹlòmíràn bí ó ti yẹ, kí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọbìnrin wa má bàa ti ọwọ́ akọ̀wé ṣòfò.